Ìborùn Tí Mo Fi Dijú Níwájú Ìgbìmọ̀ Òfin Bàálù

Àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìbò tí wọ́n fagi lé ṣì ń ká àwọn èèyàn lára, epo mọ́tò wọ́n, kẹrosíìnì sì wọ́n jù ú lọ. Èmi gan-an ni mo ń ta kẹrosíìnì náà, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì, ní Okokomáíkò, níwájú ilé tí Dámilọ́lá ọmọ ọmọ mi jókòó sí báyìí tó ń bá mi kọ ọ́. Mi ò mọ̀wé. Ohun tí mo bá sọ ni kó kọ. Ó ti ń wò mí lójú, ó ní kí n rọra bú àwọn èèyàn nítorí àwọn ọ̀dọ́ ló máa kà á. Nítorí àwọn ọ̀dọ́ náà ni mo ṣe fẹ́ bú wọn. Kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí rédíò bá ní ìjọba fẹ́ tún òfin bàálù ṣe, ẹ máa ń yí i sí orin. Ẹ rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé ló ni ọ̀rọ̀ náà, pé kò kan ẹni tí kò wọ bàálù rí. Títí di òní, èmi ò wọ bàálù rí. Ṣùgbọ́n bàálù já lu ọmọ mi.

Ìjà kì í ṣe nǹkan tuntun sí mi kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti ń lé wa kiri lórúkọ ìmọ́tótó, tí wọ́n ń fi kátapílà wó ìsọ̀ wa, ni àwọn obìnrin oníkẹrosíìnì ti fi mí ṣe olórí. A kì í ju òkúta, a kì í sì í sá. Agolo òfìfo wa la máa ń gbé sí àárín ọ̀nà, a ó dojú rẹ̀ délẹ̀, a ó sì jókòó lé e. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá yóò kọ́kọ́ gbé wa. Ṣọ́jà lè na ọkùnrin, ṣùgbọ́n ó máa ń nira fún un láti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìyá tó jókòó, kó gbé e bí àpò gaàrí níṣojú gbogbo ayé. Bí a ṣe gba ìsọ̀ wa padà nìyẹn, ìgbà náà làwọn kan sì ti ń pè mí ní Ìyá Alágolo.

Bọ́sẹ̀dé ni àbígbẹ̀yìn mi. Bàbá rẹ̀ kú kí ó tó mọ bàbá. Ó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Àjàngbádì, láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù onípákó tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́ sójú kan. Ó kù díẹ̀ kó gba fúríídọ̀mù. Mo ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi dè é, mo sì fi aṣọ bò ó kó má baà rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, bàálù akẹ́rù kan já lu àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ń rọ kẹrosíìnì fún oníbàárà lọ́wọ́ ni ilẹ̀ mì. Mo rò pé àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Navy Town ló ń dán ìbọn ńlá wò. Ìgbà tí èéfín dúdú yọ lápá Àjàngbádì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mi ò débẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tí mo ń pè ní Adúmáadán, tó ń ṣe káfíńtà nítòsí ibẹ̀, ló pàdé mi lọ́nà. Ó gbá mi mú. Mo gé e jẹ lápá, kò jù mí sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Bó ṣe ní ká máa lọ sílé, tí kò dárúkọ ọmọ, ni mo ti mọ̀.

Àwọn ọkùnrin àdúgbò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló sin àwọn ará ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn sójú kan, nítorí iná kò jẹ́ kí wọ́n mọ ti ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Ibo ni wọ́n sin wọ́n sí? Mi ò bèèrè. Ẹ̀yin ọmọ ayé ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n mọ́: nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Ọmọ ló ń sin òbí. Bí ayé bá yí i padà, òbí á jókòó sílé, àwọn ẹlòmíràn á lọ sin ọmọ náà, wọn ò sì ní í fi ibẹ̀ hàn án títí tí òun náà yóò fi kú. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún un ti ṣe é ní ibi. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì àárín wa, kò sẹ́ni tó bá èyí jiyàn. Gbogbo ọkùnrin tó gbé ṣọ́bìrì lọ́jọ́ náà ló pa ẹnu mọ́, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n pa á mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni wọ́n padà wá fi mú wa.

Rédíò dárúkọ àwọn tó wà nínú bàálù náà. Ó dárúkọ ẹni tó wà á, ó dárúkọ àwọn tó bá a lọ, ó sọ ìlú wọn àti iye ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tó kan tiwa, ó ní, "àti àwọn mélòó kan tó wà nílẹ̀." Mo pa rédíò náà. Mi ò tàn án mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn olùwádìí ti ń jókòó ní Ìkẹjà láti mọ ohun tó mú bàálù náà já bọ́, èmi àti Ìyá Kamoru múra, a lọ. Ìyá Kamoru ń ta àlùbọ́sà ní Àjàngbádì, ará Abẹ́òkúta ni. Ọmọ rẹ̀ ń tún bàtà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí ti Bọ́sẹ̀dé, wọ́n jọ lọ ni. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ táì jókòó lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Ó bi wá bóyá ìyàwó àwọn tó wa bàálù ni wá. A ní rárá. Ó ní ṣé àwa la ni bàálù?

Ìyá Kamoru wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá ní bàálù, ọmọ mi, ṣé bọ́ọ̀sì ni màá wọ̀ wá bá ọ?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé a lẹ́rù nínú rẹ̀? A ní a ò lẹ́rù. Ó wá ṣàlàyé fún wa bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ ọwọ́ pé òfin mọ ẹni tó ni bàálù, ó mọ ẹni tó wọ̀ ọ́, ó mọ ẹni tó lẹ́rù nínú rẹ̀. Àwọn yẹn ló lẹ́nu nínú ìwádìí. Ẹni tí bàálù já lù nílẹ̀, òfin ò mọ̀ ọ́n, kò sí àga fún un nínú yàrá náà. Mo bi í pé kí ni bàálù náà gbé. Ó ní aṣọ ni, àti bàtà. A padà sílé. Nínú bọ́ọ̀sì, Ìyá Kamoru ń wo ìta títí a fi kọjá Mile 2. Ó wá ní, "Bàtà wà nínú òfin. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe kò sí níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí gbogbo ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà. Bí bàtà bá ti rí àga jókòó sí, mo ní ọmọ tiwa náà á rí i.

Ọkùnrin Èkìtì kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, tó ń gbé ní Ìba. Tíṣà la ń pè é. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra kẹrosíìnì, òun náà sì ti bá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yan iṣẹ́ lódì rí, wọ́n ti tì í mọ́lé nítorí rẹ̀. Òun ló sọ fún wa pé ìjọba ti yan ìgbìmọ̀ kan tó máa tún gbogbo òfin bàálù ilẹ̀ wa kọ, pé wọ́n ní àwọn máa gbọ́ ohùn aráàlú kí wọ́n tó gbé e fún ọ̀gá àwọn ṣọ́jà láti fọwọ́ sí. Ó ní, "Ẹ má lọ béèrè ohun púpọ̀, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ béèrè gbólóhùn kan ṣoṣo. Gbólóhùn kan kì í ṣòro fún wọn láti fi sí i, bí ojú bá tì wọ́n tó."

A jókòó sábẹ́ igi ọdán iwájú ilé mi, gbogbo ìyá tí ọ̀rọ̀ náà kàn, a wá gbólóhùn náà. Tíṣà kọ ọ́ lédè òyìnbó, ó ń tú u padà fún wa, a ń yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ohun tó kù rèé: ẹni tí bàálù bá já lù nílẹ̀ yóò lẹ́nu nínú ìwádìí bí ẹni tó wà nínú rẹ̀, wọn yóò sì ka èsì ìwádìí náà sí etí àwọn èèyàn rẹ̀. Òun nìyẹn. Gbogbo wa há a sórí.

A gbé gbólóhùn náà lọ sí káńsù Ọ̀jọ́, wọ́n ní ká máa padà bọ̀. A padà lọ, wọ́n ní ọ̀gá wà ní ìpàdé. Nígbà tó sú mi, mo kó àwọn obìnrin mi, a gbé agolo wa. A tò ó sí ojú ọ̀nà ńlá níwájú káńsù, a jókòó lé e. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Àgbádárìgì kò kọjá, èyí tó ń lọ kò kọjá. Àwọn awakọ̀ bú wa títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ ogun ojú omi dé pẹ̀lú kòbókò, wọ́n dúró tì wá. Ọ̀gá wọn tẹ̀ síwájú, ó ní òun máa ka ení dé ẹ̀wá, kí a dìde kó tó parí. Mo sọ fún un pé kó kà á dáadáa, nítorí àwa ò mọ̀wé, a ò ní í mọ̀ bó bá fo ọ̀kan. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú tì í, kò kà á mọ́.

Ìgbà náà ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ jáde wá. Ó ti wà nínú káńsù láti àárọ̀, àwa ni wọ́n ń fi pamọ́ fún. Ọmọ Yorùbá ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ dùn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi lórí ọ̀dà ọ̀nà. Mi ò tíì rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ ti gbọ́ igbe wa, pé wọn ò tilẹ̀ ní í jẹ́ ká wá sí Ìkẹjà, àwọn ló máa wá bá wa ní àdúgbò wa. Ó dá ọjọ́. Ó ní pápá kan wà lẹ́yìn Ìba tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọgbà sí, ibẹ̀ ni wọ́n máa ta kánópì sí. Ó bèèrè àwọn tó máa sọ̀rọ̀. Mo ní èmi ni, àti Ìyá Kamoru. Ó bi mí bóyá ìyá ọmọ tó kú ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, Mama. Ó ní àwa méjèèjì nìkan ni ìgbìmọ̀ máa gbà láyè, kí ẹlòmíràn má fi orúkọ wa sọ̀rọ̀.

A gbé agolo wa, a kọrin wálé. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó bèèrè pé pápá wo.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Adúmáadán, ó ń fá pákó lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní níbo? Mo tún un sọ. Ó tẹjú mọ́ pákó náà títí, ó wá ní kí àwọn ìyá jókòó sílé, kí àwọn ọkùnrin lọ. Mo ní kí ló dé? Ó ní kò sí. Mo ní ẹ̀rù ṣọ́jà ló ń bà á. Mo ní ọkọ mi ìbá wà láyé, kì bá fi ara pamọ́ sẹ́yìn obìnrin. Ó gbà á, ó mi orí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó. Lẹ́yìn ìyẹn mo gbọ́ pé ọkọ Ìyá Kamoru wà lójú ọ̀nà àjò, kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin Àjàngbádì ń pàdé, wọ́n ń dákẹ́ bí a bá ti yọ. Mo tú itọ́ sílẹ̀ nítorí wọn. Ẹ ò rí i pé bí ẹnì kan nínú wọn bá là á pé "Ẹ má lọ síbẹ̀", ó ti sọ ohun tí wọn kì í sọ. Ẹnu tí wọ́n pa mọ́ nítorí wa ni kò jẹ́ kí wọ́n lè gbà wá.

Lọ́jọ́ náà, a rìn láti Okokomáíkò, a yà ní Ìyànà-Ìba, a wọ inú Ìba lọ. A wọ aṣọ tó mọ́. A ń há gbólóhùn wa bí ọmọ iléèwé. Níbi kọ́nà kan tí igi bò, àwọn ọkùnrin ti tò sí ojú ọ̀nà dè wá, Adúmáadán ló wà níwájú. Ó da ikùn délẹ̀ nínú eruku.

Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má kọjá ibí."

Mo ní, "Dìde. Ṣé ìjọba ti fún ẹ níṣẹ́ ni?"

"Ẹ bú mi. Ẹ ṣáà má kọjá."

Mo fẹ́ fo orí rẹ̀ kọjá. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó gbójú sókè, mo sì rí ojú rẹ̀. Ojú tó wò mí lọ́jọ́ tí mo gé e jẹ ni. Ìyá Kamoru bi mí pé kí ni ọkùnrin yìí ń wí. Mo yí ẹ̀yìn padà sí kọ́nà náà. Nígbà tí Ìyá Kamoru rí i pé mo yí padà, òun náà yí. Yíyí náà ń lọ láti orí ẹnì kan sí orí ẹnì kejì bẹ́ẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀, títí gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ fi kọ ẹ̀yìn sí ibi tí a ti fi orin wá. Kò sẹ́ni tó sunkún. Ìbínú ti gba àyè ẹkún.

Akọ̀wé náà jáde wá bá wa. Ó ní ìgbìmọ̀ ti jókòó, àwọn oníròyìn ti dé, kí ló dá wa dúró? Mo bi í pé kí ló wà nínú ọgbà náà. Ó ní pápá ni. Mo tún bi í. Ó ní òkúta ìrántí kan náà wà níbẹ̀ tí ọ̀gá àwọn fẹ́ ṣí lónìí, ó ní ohun iyì ni fún àwọn òkú.

Mo ní, "Ta ló bí ọ?"

Ó ní, "Mama, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

"Mo ní ta ló bí ọ? Yorùbá ló bí ọ. O mọ̀ pé ìyá kì í dé ibẹ̀. O mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí o dọ̀bálẹ̀."

Ó tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ìjọba àpapọ̀ kò mọ èèwọ̀ ẹ̀yà kan. Bí ẹ ò bá wọlé, a máa kọ ọ́ pé a pe àwọn ará Ọ̀jọ́, wọn kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ."

Tíṣà, tó bá wa rìn wá, ní òun máa wọlé lọ kà á fún wọn. Akọ̀wé ní kò sí nínú àdéhùn, àwọn ìyá méjì tó dárúkọ ara wọn nìkan ni. Ẹ rí i bó ṣe hun ún? Ó fún wa ní ẹnu, ó wá gbé e lé ibi tí a ò ti lè là á. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, àwọn yìí fẹ́ fá tiwa, wọ́n sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé olórí ló kọ̀ láti wá.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ríríran gan-an ni èèwọ̀. Mo tú ìborùn mi. Mo ká a, mo fi dijú, mo so ó pa lẹ́yìn orí. Ìyá Kamoru di apá mi mú, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ojú nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ibìkan, ẹsẹ̀ náà ń mọ̀ ọ́n. Mo ní bí mi ò bá wọlé, wọ́n á ní a ò wá. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀." Mo ní mi ò lè jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ó jù mí sílẹ̀.

Adúmáadán fa rúlà onígi rẹ̀ yọ láti àpò ẹ̀yìn, ó fi orí kan lé mi lọ́wọ́, ó di orí kejì mú. Mo sọ fún un pé kó mú mi gba ibi tí mi ò ní í tẹ̀ wọ́n. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. A wọlé. Mo gbọ́ òórùn sìmẹ́ńtì tútù àti ti ọ̀dà. Ilẹ̀ le, lẹ́yìn náà ó rọ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé a ń yí nǹkan po. Ìyá Kamoru kò parọ́.

Ẹni tó jẹ́ alága jẹ́ ṣọ́jà tó ti wa bàálù ogun rí, èdè òyìnbó nìkan ló ń sọ. Mo gbọ́ tó bèèrè nǹkan, akọ̀wé sì dá a lóhùn. Tíṣà pariwo láti ẹ̀yìn ọgbà pé, "Ìyá, ó sọ fún un pé afọ́jú ni yín."

Mo ní, "Akọ̀wé, sọ fún ọ̀gá rẹ pé ojú mi méjèèjì ríran. Sọ fún un pé ìwọ lo mú ìyá wá sórí sàréè ọmọ rẹ̀ kó má baà lè sọ̀rọ̀. Bí ìwọ ò bá sọ ọ́, Tíṣà á sọ ọ́."

Kò sọ ọ́. Tíṣà ló sọ ọ́, bí àwọn ṣọ́jà ṣe ń wọ́ ọ lọ ló ń tú u sí òyìnbó, ohùn rẹ̀ ń jìnnà sí mi, kò sì dákẹ́ títí ó fi parí. Mo gbọ́ ìró àga. Alága sọ nǹkan kúkúrú kan, akọ̀wé sì bi mí, ohùn rẹ̀ ò dùn mọ́, pé kí ni mo fẹ́. Mo sọ gbólóhùn wa bí a ṣe há a, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Akọ̀wé ní alága ní àwọn ti gbé òkúta dáradára kalẹ̀ fún àwọn òkú, ṣé ìyẹn ò tó?

Mo ní, "Òkú lẹ gbé òkúta fún. Èmi wá gba ẹnu fún alààyè. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ nílé. Bàálù tó bá ń já bọ́ kì í bèèrè ilé ẹni tó kọ òfin." Mo wá ní kí akọ̀wé kọ orúkọ ọmọ mi sílẹ̀: Bọ́sẹ̀dé, aránṣọ, Àjàngbádì. Kí ó kọ ti Kamoru náà. Mo dúró títí Adúmáadán fi sọ sí mi létí pé ó ti ń kọ ọ́. Nígbà náà ni mo fa rúlà náà, kó mú mi jáde.

Mo dijú dé kọ́nà kí n tó tú ìborùn náà. Àwọn kan nínú àwọn ìyá gbá mi mọ́ra. Ìyá Kamoru kò wá. Ó ní, "O ti tẹ ilẹ̀ tí ìyá kì í tẹ̀. Mi ò ní í bú ọ, ṣùgbọ́n mi ò lè bá ọ jókòó mọ́." Kò sì bá mi jókòó mọ́. Bí mo bá lọ ra àlùbọ́sà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ta fún mi. Nígbà tó kú, mo lọ, mo jókòó sí ìta.

Tíṣà sun àtìmọ́lé. Ó jáde, ó rù. Nígbà tó ṣe, rédíò ní òfin bàálù tuntun ti jáde, wọ́n ń yin ara wọn pé bàálù ilẹ̀ wa ti di ti ayé òde òní. Tíṣà wá ìwé òfin náà rí, ó gbé e wá sábẹ́ igi ọdán, ó ń wá gbólóhùn wa nínú rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ó rí i. Wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní nígbà ìwádìí, àwọn olùwádìí lè gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni tí mínísítà bá rò pé ọ̀rọ̀ kàn. Kíka èsì sí etí ẹnikẹ́ni, wọn ò fi í sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kò sí kóòtù tó gbọ́dọ̀ bi mínísítà léèrè. Mo bi Tíṣà pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Ó pa ìwé náà dé. Ó ní wọ́n ti kọ́ ilẹ̀kùn tí a ní kí wọ́n kọ́, wọ́n sì ti fún ẹni tó tì wá síta ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí la rí gbà? Kí òfin yẹn tó dé, ẹrù ló wà nínú ìwé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ó kéré, ṣùgbọ́n àwa la fi í síbẹ̀, kì í ṣe àánú wọn. Kí la sọ nù? Mo sọ Ìyá Kamoru nù, ẹni tí mi ò lè rí irú rẹ̀ mọ́. Mo sọ àìmọ̀ mi nù pẹ̀lú. Títí di òní, bí ọkọ̀ bá fẹ́ dé kọ́nà yẹn, mo máa ń wo ẹsẹ̀ mi. Kò sẹ́ni tó tíì sọ ohun tó mú bàálù náà já bọ́ fún wa. Gbèsè nìyẹn, ìjọba tó wà nílẹ̀ báyìí ló jẹ ẹ́, kí wọ́n má sọ pé àwọn ṣọ́jà ló dá a. Ní ti akọ̀wé yẹn, pásítọ̀ mi ní kí n dárí jì í. Mo ní nígbà tó bá wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, màá wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá ní ẹ wá sọ̀rọ̀ lórí òfin, ẹ bi wọ́n pé níbo. Ẹ lọ wo ibẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ọ̀rọ̀ mi ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dámilọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, mo sọ fún un pé ojú ọ̀nà yunifásítì rẹ̀ ni ọgbà náà wà, òun kì í ṣe ìyá Bọ́sẹ̀dé, ó lè wọ ibẹ̀. Òkúta tí alága fi yangàn sí mi, mi ò rí i, ìborùn wà lójú mi, bí mo bá sì rí i, mi ò lè kà á. Mo ní kó má sọ fún mi bí ibẹ̀ ṣe rí. Kó kà á nìkan.

Ó lọ. Ó dé. Mo ní kó sọ ọ́. Ó ní orúkọ mínísítà ìgbà náà ló tóbi jù lókè. Orúkọ àwọn tó wà nínú bàálù tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bẹ́ẹ̀ ìlú wọn ni wọ́n sin àwọn yẹn sí, kò sí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé: "àti àwọn mìíràn."

Kọ ọ́ sílẹ̀, Dámilọ́lá, kí o sì kọ ọ́ gàdàgbà: Bọ́sẹ̀dé, aránṣọ. Kamoru, atúnbàtàṣe. Ẹni tó bá kà á, kó bá mi kà á sókè.